Másùnmáwo Adìẹ: Ṣé Kí Á Ra Oògùn Tó Ń Dí Họ́mọ̀nù Lọ́nà?

  

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí pé èmi ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdún yìí kàn, mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n fẹ́ kí n sọ, nítorí kò sí ohun mìíràn tí àwa arúgbó iṣẹ́ ọba mọ̀ ọ́n sọ bí a bá ti péjọ. Wọ́n ní rárá o, ọ̀rọ̀ adìẹ ni. Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo rí i pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì náà ni. Ẹni tó gba gírátúítì láàárín wa, ilé adìẹ ló fi kọ́. Opó tí ọkọ rẹ̀ fi nǹkan díẹ̀ sílẹ̀ fún, adìẹ ló fi rà. Ọmọ tó jáde ní yunifásítì tí kò tíì ríṣẹ́, igba ọmọ adìẹ ni bàbá rẹ̀ rà fún un kó máa fi gbọ́ bùkátà. Bí adìẹ bá kú ní àdúgbò wa, owó ilé ìwé ọmọ ẹnìkan ló bá a lọ.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ òní dìde nìyí. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó kàwé dáadáa dìde. Ó ní òun ti kà á pé àwọn oògùn kan wà tó ń dí họ́mọ̀nù másùnmáwo lọ́nà nínú ara adìẹ, pé adìẹ tó bá lò ó kì í fi bẹ́ẹ̀ rù, kì í sì í tètè kó àrùn nígbà ooru. Ó ní kí alájẹṣẹ́kù yọ owó sílẹ̀, kí a rà á wá láti òkè òkun, kí a pín in láàárín ara wa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́, nítorí ọmọ náà kò purọ́. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo nawọ́ sókè pé kí wọ́n jọ̀wọ́ ṣe sùúrù, kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a fẹ́ rà. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe já lé mi léjìká nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì sí òní ni ìpàdé tí a ó ti dìbò lórí owó náà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara adìẹ fúnra rẹ̀. Ara adìẹ gbóná ju tiwa lọ. Bí tiwa bá jẹ́ nǹkan bí 37 lórí tẹmómítà, ti adìẹ á jẹ́ nǹkan bí 41. Adìẹ kì í làágùn. Ohun tó lè ṣe nígbà ooru kò ju pé kó ká ìyẹ́ apá rẹ̀ sókè kúrò lára, kó la ẹnu, kó sì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bó ti ń mí bẹ́ẹ̀, káábọ́ńdàọ́kísáìdì ń tú jáde jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí sì wà lára ohun tó ń mú kí èèpo ẹyin fẹ́lẹ́ ní àsìkò ooru. Ibi tí ara ti máa ń tu adìẹ tó ń yé ẹyin ni ìwọ̀n 18 sí 24. Nígbà tó bá fi kọjá 30, oúnjẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú sínú agolo. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Kàdúná pẹ́ mọ̀ pé ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, tẹmómítà ń kọjá 35 lọ́sàn-án.

Ooru jẹ́ ọ̀kan péré. Ìrìnàjò wà níbẹ̀, ìyà omi wà níbẹ̀, èrò púpọ̀ nínú yàrá kan wà níbẹ̀, àti ariwo, àti gígé ẹnu adìẹ, àti kíkó adìẹ tí kò mọra papọ̀ tí wọ́n á máa ṣá ara wọn ní ẹnu. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ara kò ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ní 1936, Hans Selye, onímọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Montreal ní Kánádà, tẹ ìwé kúkúrú kan jáde lórí eku. Ìbáà ṣe otútù ló fi jẹ eku náà níyà, ìbáà ṣe ọgbẹ́, ìbáà ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó tàbí oògùn olóró, ohun kan náà ló ń bá nígbà tó bá la ikùn wọn: àwọn kókó kékeré tó wà nídìí kíndìnrín á ti wú, àwọn ẹ̀yà ara tó ń gbógun ti àrùn á ti súnkì, ọgbẹ́ á sì ti yọ sínú ikùn. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ tí a ń pè ní másùnmáwo lónìí ti wọ inú ìmọ̀ ìṣègùn.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú adìẹ nìyí. Nígbà tí ìdààmú bá bá a, adrenaline ló ń kọ́kọ́ sáré jáde, láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Òun ló ń mú àyà já, tí ń mú ẹsẹ̀ sáré. Lẹ́yìn èyí, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí kókó kékeré kan tó so mọ́ ọn nísàlẹ̀, kókó yẹn náà á ránṣẹ́ gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí àwọn kókó méjì tó wà nídìí kíndìnrín. Àwọn wọ̀nyí ló ń tú họ́mọ̀nù kan jáde tí wọ́n ń pè ní corticosterone. Nínú ènìyàn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń jẹ́ cortisol ló ń ṣe irú iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ rere ni iṣẹ́ rẹ̀ o. Ó ń wá ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ kí ara lè rí agbára lò. Bí kò bá rí i nínú oúnjẹ, á lọ yá a lára ẹran ara adìẹ fúnra rẹ̀. Bí wàhálà bá kọjá, ọpọlọ á rí i pé họ́mọ̀nù náà ti pọ̀ tó, á sì dá iṣẹ́ dúró.

Ìgbà tí wàhálà kò bá kọjá ni ọ̀rọ̀ máa ń bàjẹ́. Bí họ́mọ̀nù yìí bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, ẹran ara á máa dínkù, ẹyin á máa dínkù, àwọn ẹ̀yà tí ń gbógun ti àrùn á sì súnkì. Àpò kékeré kan wà lókè ihò ìdí adìẹ tí wọ́n ń pè ní bursa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà fún, àfi ìgbà tí Bruce Glick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn ní 1956 pé ibẹ̀ ni agbára tí ara adìẹ fi ń dáhùn sí àjẹsára ti ń wá. Corticosterone ń mú àpò yìí súnkì. Àpò yìí kan náà ni àrùn Gumboro ń bá jà. Nítorí náà, ẹni tó bá fún adìẹ tí wàhálà ti mú ní àjẹsára dà bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ níwèé nígbà tí ebi ń pa á.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ní oṣù kẹta 2019, mo ra ọ̀ọ́dúnrún adìẹ tó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yé, láti apá Ìbàdàn. Ọkọ̀ tó kó wọn bọ̀ dẹnu kọlẹ̀ ní Jẹ́bbà, wákàtí márùn-ún nínú oòrùn. Nígbà tí wọ́n fi dé, mo ti bá ẹni tí yóò fún wọn ní àjẹsára lúkúlúkú ṣe àdéhùn, n kò sì fẹ́ kí owó ọkọ̀ rẹ̀ ṣòfò. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni a fún wọn. A tún gé ẹnu àwọn tí ẹnu wọn mú jù. Kí oṣù tó parí, mo ti sin mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ẹran ọ̀sìn! Ẹni tó ta àjẹsára ni mo kọ́kọ́ bínú sí. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó lè sọ fún ìyàwó mi pé èmi ni mo jẹ̀bi.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dé orí oògùn náà. Ó ju oríṣi kan lọ, iṣẹ́ wọn kò sì rí bákan náà.

Èyí tí àwọn onímọ̀ lò jù fún àyẹ̀wò ni metyrapone. Inú ara ń fi ìpele-ìpele ṣe corticosterone, bí ẹni ń ṣe gàrí: wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rin ín, wọ́n á fún un, wọ́n á yan án. Ìpele ìgbẹ̀yìn, ti àyangbẹ yẹn, ni metyrapone ń dí. Gàrí tútù wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò yan án. Oògùn ènìyàn ni. Àwọn dókítà ń lò ó fún àìsàn tí cortisol fi ń pọ̀ jù lára, wọ́n sì ń fi ṣe àyẹ̀wò. Oríṣi kejì kì í dí ṣíṣe họ́mọ̀nù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ń lọ jókòó sórí àga tí họ́mọ̀nù yẹ kó jókòó sí, kí họ́mọ̀nù lè dé kó bá àga tó kún. Mifepristone jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, oògùn tí àwọn ará Faransé ṣe ní 1980, tí ayé mọ̀ mọ́ ìṣẹ́yún. Oògùn kan náà ń jókòó sórí àga progesterone nínú obìnrin, ṣùgbọ́n kò lè jókòó sórí irú àga bẹ́ẹ̀ nínú adìẹ. Ní 1992 ni àwọn onímọ̀ rí ìdí rẹ̀: ẹyọ kan ṣoṣo ló yàtọ̀ nínú èròjà tí ara fi kan àga náà. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tó ṣiṣẹ́ lára eku tàbí ènìyàn, a kò lè gbé e bẹ́ẹ̀ fún adìẹ.

Oríṣi kẹta ni DDD. Bí orúkọ rẹ̀ bá jọ DDT létí yín, ẹ kò ṣìnà. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ó ń pa àwọn kókó orí kíndìnrín lára tí wọn kò fi lè ṣe họ́mọ̀nù púpọ̀. Wọ́n ti fi í sínú oúnjẹ adìẹ fún àyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n inú ọ̀rá ni irú èròjà bẹ́ẹ̀ máa ń lọ sápamọ́ sí, inú pupa ẹyin sì kún fún ọ̀rá. Ta ni yóò jẹ ẹyin náà?

Kí n yà bàrá díẹ̀, nítorí ọ̀kan wà tó sún mọ́ wa ju bí a ti rò lọ. Ẹ̀yin àgbà mọ igi asofẹ́yẹjẹ. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ pé ó so èso fún ẹyẹ jẹ. Gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn wa fi ń tọ́jú wèrè láti ayébáyé, tí àwọn dókítà òyìnbó tó wá sí ilẹ̀ Yorùbá sì kọ ìwé lé lórí. Ní 1952, àwọn ará Switzerland yọ èròjà kan tó ń jẹ́ reserpine jáde lára ìbátan igi yìí tó wà ní Íńdíà. Ó wà lára tiwa náà. Reserpine kò bá corticosterone jà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń tú àpò tí ara kó àwọn ẹbí adrenaline pamọ́ sí dànù, ọkàn á sì rọlẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà fún tòlótòló wọn ní èyí nínú oúnjẹ nígbà kan, nítorí àwọn akọ tó ń yára dàgbà, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú wọn máa ń bẹ́ lójijì. Mo ti rí ojú àwọn kan tó ń tàn báyìí! Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ hú gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ fún adìẹ. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò kéré débi pé a kò lè fi ojú wọ̀n ọ́n, bó bá sì pọ̀ díẹ̀, adìẹ á kàn máa tòògbé ni, kò ní jẹun.

Ẹ ó bi mí pé, bí metyrapone bá ń dí họ́mọ̀nù yìí lọ́nà, kí ló wá burú nínú kí a lò ó? Iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Virginia ni mo máa fi dáhùn, W. B. Gross àti P. B. Siegel. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sin ìdílé adìẹ méjì: ọ̀kan tí corticosterone rẹ̀ ń ga nígbà tí wọ́n bá da ojúlùmọ̀ àti àjèjì pọ̀, àti ọ̀kan tí tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ga. Ènìyàn á rò pé èyí tí tirẹ̀ kéré ni yóò yè ju. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Bó bá jẹ́ lúkúlúkú tàbí àrùn èémí ti Mycoplasma, èyí tí họ́mọ̀nù rẹ̀ kéré ló ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ kòkòrò E. coli, tó wọ́pọ̀ nínú ilé adìẹ wa tí ìdọ̀tí bá pọ̀, èyí tí họ́mọ̀nù rẹ̀ ga ló ń fara dà á jù. Àwọn méjèèjì tún kọ́ wa ní 1983 bí a ṣe lè ka sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ láti mọ bí másùnmáwo ti pọ̀ tó, nípa fífi iye oríṣi kan wé iye oríṣi kejì. Wọ́n ní bí ìwé náà bá fi 0.2 hàn, másùnmáwo kéré. Bó bá fi 0.8 hàn, ó pọ̀ jù, 0.5 ló dára jù. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò sọ pé òdo ló dára jù.

Ohun kejì ni pé ara kì í gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí metyrapone bá dí ọ̀nà, ọpọlọ á rí i pé corticosterone kò dé, á tún ránṣẹ́ kíkan-kíkan sí i. Àwọn kókó á máa ṣiṣẹ́ lásán, gàrí tútù á máa kún ilẹ̀, gàrí tútù yẹn náà sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń ṣe lórí iyọ̀ inú ara. Bí ebi tàbí àrùn bá wá dé ní ọjọ́ tí họ́mọ̀nù kò sí rárá, adìẹ á ṣubú lulẹ̀. Fún àyẹ̀wò ọjọ́ mélòó kan nínú yàrá àwọn onímọ̀, ó dára. A ti rí ẹ̀kọ́ púpọ̀ kọ́ nínú rẹ̀. Láti fi sínú oúnjẹ adìẹ tí a ó tà ní ọjà, tí ọmọ wa yóò jẹ, èmi kò fọwọ́ sí i.

Mo gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan kún un, nítorí mo ti rí i nínú ilé adìẹ méjì ní ọdún yìí. Àwọn kan ń fún adìẹ ní dexamethasone, nítorí ẹni tó tà á sọ fún wọn pé ó ń pa másùnmáwo. Òdìkejì gan-an ni. Dexamethasone ń ṣe iṣẹ́ tí corticosterone ń ṣe, ó tiẹ̀ le jù ú lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá fẹ́ kí másùnmáwo mú adìẹ kí wọ́n lè wò ó, oògùn yìí gan-an ni wọ́n ń fún un!

Ǹjẹ́ a ó wá káwọ́ lérí? Rárá. Ọ̀kan wà tó ń rọ họ́mọ̀nù yìí lójú láì dí i pa, ó sì wà ní ọjà níbí: fítámì C. Àwa ènìyàn kò lè ṣe é nínú ara wa, ìdí nìyẹn tí a fi ń jẹ ọsàn. Adìẹ ń ṣe tirẹ̀ nínú kíndìnrín, ṣùgbọ́n nígbà ooru èyí tó ń ṣe kì í tó o. Inú àwọn kókó orí kíndìnrín kún fún un, bí iṣẹ́ corticosterone bá sì ti bẹ̀rẹ̀, á máa tán níbẹ̀. Tó bá pọ̀ tó, ó ń dín ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe họ́mọ̀nù náà kù. Kò jìnnà sí wa tí wọ́n ti dán an wò. Ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria níbí, N. S. Minka àti J. O. Ayo fún àwọn ọ̀dọ́ adìẹ ní fítámì C kí wọ́n tó kó wọn rìn lójú ọ̀nà ní àsìkò ooru, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008: àwọn tó gbà á fara da ìrìnàjò náà ju àwọn tí kò gbà á lọ.

Ìwọ̀n tí a sábà máa ń lò ni 250 mílígíráàmù sínú kílò oúnjẹ kan. Nínú àpò oúnjẹ oníkílò 25, ó jẹ́ gíráàmù mẹ́fà àti díẹ̀. Bó bá jẹ́ inú omi ni, ẹ má pò ó sílẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, nítorí oòrùn àti irin ń bà á jẹ́; ẹ pò ó ní díẹ̀díẹ̀ sínú ike, ní ibòji. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú ìrìnàjò, kì í ṣe lẹ́yìn tí adìẹ bá ti ń ya ẹnu. Àwọn páálí tí wọ́n kọ “anti-stress” sí lára, ẹ ka ẹ̀yìn wọn: fítámì àti iyọ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ wo iye fítámì C tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ìyókù kì í ṣe oògùn. Òru ni kí a máa kó adìẹ rìn, kí kéèjì má kún jù, kí omi sì ti wà nílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Kí àjẹsára dúró di ìgbà tí wọ́n bá ti sinmi fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí gígé ẹnu sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, ẹ kó oúnjẹ kúrò níwájú wọn láti bí aago mọ́kànlá títí di aago mẹ́rin, nítorí dídà oúnjẹ fúnra rẹ̀ ń mú ara gbóná. Àárọ̀ kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n jẹun. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ilé adìẹ, kó jẹ́ kí orí ilé náà kọ sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, kí oòrùn má baà máa wọ inú rẹ̀. Kí táǹkì omi wà lábẹ́ ibòji. Mo ti fọwọ́ kan omi nínú táǹkì dúdú lórí òrùlé ní aago méjì ọ̀sán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti fi ro ẹ̀bà.

Gross àti Siegel yìí kan náà rí nǹkan kan ní 1982 tí inú mi máa ń dùn sí. Àwọn adìẹ tí ènìyàn ń bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láti kékeré, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kàn, tí wọ́n ń fún ní oúnjẹ lọ́wọ́, kì í tètè kó àrùn, oúnjẹ tí wọ́n sì ń jẹ ń hàn lára wọn ju ti àwọn tí kò sẹ́ni tó kà wọ́n sí lọ. Àwọn ìyá wa tó ń pe adìẹ wọn ní orúkọ, tí a ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó jọ pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Nípa owó alájẹṣẹ́kù, ìmọ̀ràn tèmi nìyí, ẹ ó sì dìbò bí ó bá ti tọ́ lójú yín. Dípò oògùn òkè òkun, kí a ra fítámì C tó mọ́ ní ìwọ̀n ńlá kí a pín in, kí a ra tẹmómítà kọ̀ọ̀kan fún ilé adìẹ kọ̀ọ̀kan, kí a sì ní kéèjì tó ní atẹ́gùn dáadáa tí ẹgbẹ́ lè máa yá ẹni tó bá fẹ́ kó adìẹ bọ̀ láti òkè. Ọmọ wa tó mú àbá yẹn wá, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó di akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí yóò mójú tó o, nítorí ó mọ̀wé kà, ó sì ní adìẹ tirẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ti ń wọn gíráàmù mẹ́fà láì ní òṣùwọ̀n, mo mú ṣíbí mi wá. Ẹ bá mi ní tábìlì ẹ̀yìn lẹ́yìn oúnjẹ.

 Mo ṣe tán láti gba ìbéèrè.